Ṣé lóòótọ́ ni ECOWAS ní kí wọ́n má gba dúútì lọ́wọ́ wa ní Sẹ̀mẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọjà Balógun l'Ékòó ni mo wà, mo máa ń lọ ra àǹkárá ní Kútọnu, tí mo bá ń bọ̀ mo máa ń kó gàrí àti ọ̀pẹ òyìnbó díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ECOWAS ti fagi lé dúútì láàárín àwa àti Bẹ̀nẹ̀ látijọ́, pé gbogbo owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ní bọ́dà, ìrẹ́jẹ ni. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tá a ṣì ń san án, kí wá ni ECOWAS ọ̀hún wà fún? Ìkejì, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣerun fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Accra, wọ́n ní ECOWAS gbà á láyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ṣókí kí n tó máa ṣàlàyé. Lórí gàrí àti ọ̀pẹ òyìnbó, òótọ́ lẹni yẹn sọ. Lórí àǹkárá, kò rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú àǹkárá tó wà ní Tọ́kpá, ọjà ńlá Kútọnu, ò sí lára ohun tí ECOWAS yọ dúútì kúrò lórí ẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ yìí ti ń dojú rú mọ́ àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ ni pé wọ́n rò pé ibi téèyàn ti ra ọjà ni wọ́n ń wò, pé mo ṣáà rà á ní Kútọnu, Kútọnu sì wà nínú ECOWAS, ó parí. Rárá o. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà yẹn ni wọ́n ń wò.

ECOWAS yìí, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Èkó níbí ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé ẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, Gowon tiwa àti Eyadéma ti Tógò ló ṣe wàhálà ẹ̀ jù, wọ́n ń bẹ tibí wọ́n ń bẹ tọ̀hún títí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn tó ń sọ Faransé fi gbà láti jókòó pọ̀. Ní 1979 wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ETLS, pé kí ọjà tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ wa níbí máa kọjá láàárín wa láìsan dúútì. Ohun oko àti ohun ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 1990 wọ́n fi ọjà ilé iṣẹ́ kún un.

Gàrí yín ńkọ́? Gàrí Savalou tẹ́ ẹ̀ ń rà yẹn, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rìn ín tí wọ́n ti yan án, ó wọ inú ètò yẹn pátápátá. Òfin ọ̀hún tiẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ohun oko, ẹran ọ̀sìn àti ohun téèyàn fọwọ́ ṣe láìlo ẹ̀rọ, wọn ò ní béèrè sátífíkéètì pé ibo ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ òyìnbó Allada, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òkè, apẹ̀rẹ̀, ìkòkò amọ̀. Ohun tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín ni ìwé àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, pé kò sí kòkòrò tàbí àrùn lára ẹ̀, lọ́dọ̀ọ wọn lọ́hùn-ún lẹ ti máa gba ìyẹn kẹ́ ẹ tó gbéra, ìyẹn kì í ṣe dúútì. Tẹ́nì kan bá wá ní kẹ́ ẹ san dúútì lórí gàrí, ẹ má bá a jà, ẹ kàn rọra sọ fún un pé kó kọ ọ́ sínú ìwé kó já rìsíìtì fún yín. Ẹni tó mọ̀ pé owó tóun ń gbà ò sí lábẹ́ òfin kì í fẹ́ kọ orúkọ ara ẹ̀ sí nǹkan kan.

Ó wá kan àǹkárá. Ẹ fa ẹyọ kan jáde níbẹ̀ kẹ́ ẹ wo etí aṣọ yẹn, ibi tí wọ́n tẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí. Tó bá jẹ́ China tàbí Holland ni wọ́n ti ṣe é, ọjà ìta ni, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Kútọnu, bó ṣe dé ibẹ̀ kò sọ ọ́ di ọmọ ECOWAS, tó bá ti fẹ́ wọ Nàìjíríà, Nàìjíríà á gba dúútì tiẹ̀. (Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí wọ́n tẹ síbẹ̀ náà o, àwọn kan ń tẹ ohun tó jọ ti Holland sára aṣọ tí ò débẹ̀ rí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí aṣọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.) Àmọ́ tó bá jẹ́ GTP tí wọ́n ṣe ní Tema ní Gánà, tàbí Uniwax tí wọ́n ṣe ní Àbíjàn, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é, ó lè wọlé láìsan dúútì. Mo ní "ó lè" torí ó níbi tó dé: ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ lábẹ́ ETLS, kó ti fi hàn pé ilẹ̀ wa ni gbogbo èròjà ẹ̀ ti wá, tàbí pé iṣẹ́ tóun ṣe lórí ẹ̀ ti sọ ọ́ di ọjà mìíràn pátápátá, tàbí kẹ̀ pé ó kéré tán 30 nínú 100 iye tó ń jẹ́ ní ilé iṣẹ́, ibí ni wọ́n ti fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, sátífíkéètì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹrù ọ̀hún dé bọ́dà.

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn gan-an. Ta ló lè rí sátífíkéètì yẹn gbà? Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kó tírélà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ra ìwọ̀nba lọ́wọ́ alátùntà ní Tọ́kpá, ẹ ò lè rí i gbà, alátùntà náà ò ní in, ẹni tó tà á fún un pàápàá ò lè rántí ibi tó wà. Àwọn tó kọ òfin yẹn, ilé iṣẹ́ ló wà lọ́kàn wọn, bẹ́ẹ̀ ìyá ọlọ́jà àti ọmọ ọlọ́kadà ló ń gbé ọjà kọjá jù láàárín wa láti ojoojúmọ́ ayé wá. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń tún òfin yẹn ṣe, ohun tí màá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ra ọjà ilẹ̀ wa tí iye ẹ̀ ò kọjá oye kan, kó fi rìsíìtì lásán kọjá. Láàárín Kenya, Uganda àtàwọn tó bá wọn wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n ní fọ́ọ̀mù pélébé kan fún àwọn ọlọ́jà kéékèèké lójú bọ́dà, tó sì ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó ní ká má lè ṣe irú ẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdìrókò.

Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tá a ṣì ń sanwó. Ìyá mi, ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún wa lórí rédíò: orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jẹun, títí kan ìjọba. Ẹ wo ìrẹsì. ECOWAS ní iye dúútì kan tí gbogbo wa jọ gbà pé a ó máa gbà lórí ọjà tó bá ti ìta wá, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2015, ìpele márùn-ún ni, 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrẹsì wà ní 10. Àmọ́ Nàìjíríà fẹ́ káwọn àgbẹ̀ ẹ̀ rówó, ó bu owó mìíràn lé e títí tí àpapọ̀ ẹ̀ fi di 70, ó tún ní kí ìrẹsì má gba orí ilẹ̀ wọlé rárá láti 2016, ojú omi nìkan. Bẹ̀nẹ̀ ò gba iye yẹn. Kí lẹ rò pé á ṣẹlẹ̀? Ọkọ̀ ńláńlá á gúnlẹ̀ sí Kútọnu, ìrẹsì tí ará Bẹ̀nẹ̀ ò lè jẹ tán láéláé á balẹ̀ síbẹ̀, ìjọba wọn á gba owó tiẹ̀, ìyókù á gba inú igbó àti ojú ọ̀sà lọ sí Èkó. Ó rí bẹ́ẹ̀ náà lórí mọ́tò tòkunbọ̀, Nàìjíríà ní kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Tiwa náà ń gba ọ̀hún lọ o, epo bẹntiróòlù tí ìjọba wa ń sanwó ìrànwọ́ lé lórí, igbó ló gbà dé Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì, wọ́n ń pè é ní kpayo, àfìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ yẹn ní oṣù karùn-ún 2023 tí iye ẹ̀ fò sókè lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Torí náà nígbà tẹ́ ẹ bá dé bọ́dà tẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe ń tú ẹrù yín yẹbẹyẹbẹ, ìrẹsì àti mọ́tò wọ̀nyẹn ni wọ́n ń wá, gàrí yín ló ń bá wọn jìyà. Fàyàwọ́ ò lè tán níbi tí iye owó ti yàtọ̀ tó báyẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè kó ṣọ́jà tó síbẹ̀. A ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Ní oṣù keje 2019, Nàìjíríà lọ tọwọ́ bọ̀wé ní Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r, pé gbogbo Áfíríkà á di ọjà kan, oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, ní oṣù kẹjọ, ó ti gbogbo bọ́dà orí ilẹ̀ pa. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ tuntun tí wọ́n fi owó àwọn ará Yúróòpù kọ́, oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n ṣí i, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi tì í. Ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà, Ìdìrókò tiẹ̀ di 2022. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ní tòmátì nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n tì í. Ìrẹsì fàyàwọ́ ò sì tán ní ọjà Dàlékọ̀ l'Ékòó ní gbogbo ìgbà yẹn, ó kàn wọ́n sí i ni.

Tá a bá wò ó dáadáa, àwọn tí bọ́dà yẹn dúró sí àárín wọn, èèyàn kan náà ni wọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn Faransé ló jókòó ní 1889 tí wọ́n fa ìlà yẹn, Alákétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ará Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dòní àǹtí ẹnì kan lè wà ní Kétu kí òun wà ní Ìmẹ̀kọ, kó máa fi káàdì àti owó ẹ̀gúnjẹ lọ kí i. Tẹ́ ẹ bá gba Ìdìrókò dé Ìgòlò, Yorùbá náà lẹ máa fi ná ọjà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìfàǹhìn, Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀. Ìṣọ̀kan tí àwọn olórí ń wá nínú ìwé, àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Gowon. Ohun tó kù tí ìjọba ní láti ṣe ò ju kí wọ́n yé dí wọn lọ́nà lọ.

Kí ló wá dé tí ECOWAS ò lè fipá mú Nàìjíríà? Ẹ wo ẹgbẹ́ ọjà yín, tẹ́nì kan bá rú òfin ẹgbẹ́, ẹ ní owó ìtanràn tẹ́ ẹ máa bù lé e, tó bá kọ̀, ẹ lè ti ìsọ̀ ẹ̀. Lọ́dọ̀ ECOWAS, ọmọ ẹgbẹ́ tí owó ẹ̀ pọ̀ jù, tí èrò ẹ̀ sì ju ìdajì gbogbo ẹgbẹ́ lọ, Nàìjíríà ni, Abuja ni sẹkitéríátì wà, ta ló fẹ́ ti ìsọ̀ ẹ̀? Ní Yúróòpù, kóòtù wọn lè bu owó ńlá lé orílẹ̀-èdè tó bá kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin, wọ́n sì ń san án. Tiwa náà ní kóòtù, ní Abuja náà ló wà, kódà láti 2005 ẹnikẹ́ni lásán lè gbé ìjọba lọ síbẹ̀ tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti jàre, àmọ́ kí ìjọba ṣe ohun tí kóòtù wí, ìyẹn lẹjọ́ mìíràn. Agbára tí ECOWAS ní, orí ìdìtẹ̀gbàjọba ló ń lò ó sí. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù keje 2023, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti ti bọ́dà, Nàìjíríà já iná mànàmáná wọn, tírélà tó ń kó ẹrù láti Kútọnu lọ Niamey tò sí bọ́dà Malanville bí ẹní ń ṣe ìsìnkú ọba. Ta ló jìyà ẹ̀? Kì í ṣe ṣọ́jà. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ ní oṣù kejì 2024, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r ti ní àwọn ò ṣe mọ́, ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025 ni wọ́n jáde pátápátá, a ti di 12. Èrò tèmi ni pé tí ECOWAS bá ti fi ìdajì ìbínú yẹn bá àwọn tó ń ti bọ́dà mọ́ alálùbọ́sà wí látẹ̀yìn wá, àwọn ará ìlú Niamey ì bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbèjà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ táwọn ológun ní kí wọ́n jáde.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, màá tètè kọjá lórí ẹ̀. Owó kan tí wọ́n ń pè ní Eco ni wọ́n ní gbogbo wa máa jọ ná, wọ́n dá a sí 2020, wọ́n sún un sí 2027, ẹ má fi ìyẹn ṣètò òwò yín. Séfà tí Bẹ̀nẹ̀ ń ná wà lára owó tí wọ́n so mọ́ yúrò, 655.957 séfà ni yúrò kan, kì í yẹ̀. Náírà tiwa ni ò dúró, láti oṣù kẹfà 2023 tó ti já, àwọn ará Kútọnu ló wá ń wá ra ọjà lọ́dọ̀ wa báyìí torí ó pọ́ọ́kú lójú wọn. Ẹ̀yin náà á ti rí i nínú ìsọ̀ yín.

Ẹ wá bi mí pé kí ló wúlò fún. Ó wúlò o, ìyá wa, ẹ má jẹ́ ká da omi ìwẹ̀ nù pátá torí ó tutù. Láti 1979 ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé ní Dakar pé ọmọ ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè ECOWAS yòówù láìgba físà, kó lo 90 ọjọ́, ohun tó nílò ò ju pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní yẹ́lò kaàdì lọ. Mọ́tò yín tó bá ní ìwé ìbánigbófò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tó bá ní jàǹbá ní Lomé, wọ́n á sanwó fún ẹni tó lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Kútọnu lówùúrọ̀ tẹ́ ẹ ń padà sílé lálẹ́, orí àdéhùn Dakar yẹn lẹ̀ ń rìn. Torí náà ẹ ní ìwé tó pé lọ́wọ́, torí ẹni tí ò ní in ni wọ́n máa ń fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ jù, títí dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró láti Sẹ̀mẹ̀ dé Badagry.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ jù, torí owó ńlá lẹ fẹ́ kó síbẹ̀. Àdéhùn ECOWAS pín sí mẹ́ta: kéèyàn wọlé, ìyẹn ti 1979, kéèyàn máa gbé ibẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ìyẹn ti 1986, kéèyàn dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ti 1990. Àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta yẹn, òfin ilé àwọn orílẹ̀-èdè ló dí i pa. Ní Gánà òfin kan wà, Act 865 ti ọdún 2013, tó ka àwọn òwò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan: kéèyàn máa tajà nínú ọjà tàbí nínú ìsọ̀, kó máa kiri, kó máa ṣe omi inú ọ̀rá, àti, ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa, kó ṣí ilé ìgẹrun tàbí ilé ìṣerun. Iṣẹ́ ọmọ yín gan-an ni wọ́n dárúkọ. Òfin yẹn kan náà ló ní àlejò tó bá fẹ́ máa rà kó máa tà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là kó sì gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́, ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa l'Accra ní 2019 àti 2020. Àwa náà ò mọ́ níbẹ̀ o. Ní 1969 Gánà fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ tó ti fi gbogbo ayé wọn tajà ní Tamale kó ẹrù wálé lófo, ní 1983 àwa náà lé wọn, a tiẹ̀ wá fi orúkọ wọn pe báàgì títí dòní, bẹ́ẹ̀ a ti tọwọ́ bọ̀wé ti Dakar nígbà yẹn.

Torí náà, kó má san owó ṣọ́ọ̀bù kankan ṣáájú, pàápàá torí àwọn onílé ibẹ̀ máa ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kọ́kọ́ lọ bí ẹni tó wá ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ọmọ Gánà tó ti ní ilé ìṣerun, kí ẹni yẹn bá a gba ìwé ìgbélùú àti ìwé iṣẹ́, ìyẹn wà lábẹ́ òfin, ọwọ́ tó mọ irun dì kì í sì í pẹ́ rí oníbàárà. Tó bá wá rí i pé ibẹ̀ dùn, kó lọ bi àwọn GIPC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olókòwò àlejò níbẹ̀, ohun tí òfin wí lọ́jọ́ tó débẹ̀, torí ìjọba wọn ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ tún òfin yẹn ṣe. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó fi orúkọ ọmọ Gánà kan bojú kó máa ṣòwò lọ lábẹ́lẹ̀, ìyẹn ò bófin mu, ẹni tó yá a lórúkọ sì lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà. Nígbà tó bá sì ń wọlé ní Aflao, bọ́dà Gánà àti Tógò, kó rí i dájú pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra, ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fi ka 90 ọjọ́ ẹ̀, ẹni tí ò ní in ò ní ohun tó máa fi hàn pé ọjọ́ òun ò tíì pé.